Ẹ Má Fi Agbára Ẹ̀rọ Díwọ̀n Òwò Gàrí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mọ́níyà, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ létí Ìbàdàn níbí, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ là ń ṣe níbẹ̀: èyí tí ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tí wọ́n fi ń fún omi rẹ̀, ajọ̀, agbada onírin àti ààrò rẹ̀. Ojú ewé okòwò yín wà lára ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣí tí ìwé ìròyìn bá dé. Èyí tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí òwò gàrí ló mú mi gbé gègé, nítorí ó ti ń kó àwọn èèyàn wá bá mi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń bá wá ń kọ mí lóminú.

Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tó ń rin tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan láàárín wákàtí kan, tó ń lò ó fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, yóò máa jẹ èrè ńlá lóṣooṣù. Ẹ ka iye àpò gàrí tó máa jáde, ẹ ṣírò owó rẹ̀, ẹ yọ owó ẹ̀gẹ́ àti owó epo kúrò, ẹ wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ iye tó kù. Àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ti gé ojú ewé náà, wọ́n ti ká a sápò, wọ́n sì ti fi báírò fa ìlà sábẹ́ iye owó yẹn. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn mìíràn, ọmọ wọn ló fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun pé kí ìyá tàbí bàbá fi dá òwò sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Ẹ̀njiníà, èyí tó tóbi jù lọ ni kí ẹ ṣe fún mi o."

Ẹ̀rọ ni mo ń tà. Tí mo bá ṣe èyí tó tóbi jù lọ, owó tó jọjú ló máa wọlé fún mi. Ṣùgbọ́n ìṣirò yín fo ohun kan, ohun náà ló sì máa ń pa òwò gàrí ju àìlówó lọ́wọ́ lọ. Ẹ kò bèèrè bóyá iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Bóyá ẹ̀gẹ́ yóò wà lọ́dún yípo, bóyá ọwọ́ yóò ká a, bóyá iná àti omi yóò tó, bóyá ìdọ̀tí rẹ̀ yóò rí ibi gbà, ẹ kò fẹnu ba ọ̀kankan níbẹ̀. Orí èrè lẹ bọ́ sí tààrà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé tọ́ọ̀nù mẹ́jọ tí ẹ sọ yẹn yẹ̀ wò. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan pẹ̀lú èèpo rẹ̀, tí a bá bẹ ẹ́, tí a rin ín, tí a fún un, tí a jọ̀ ọ́, tí a sì yan án tán, gàrí tó máa kù níbẹ̀ kì í ju nǹkan bíi kílò 200 sí 250 lọ. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀gẹ́, èèpo náà á sì kó tirẹ̀ lọ. Àpò oníkílò 50 mẹ́rin sí márùn-ún nìyẹn. Tọ́ọ̀nù mẹ́jọ á wá fún wa ní àpò 32 sí 40 lójúmọ́. Títí dé ibí yìí, ìṣirò yín àti tèmi kò yàtọ̀. Àmọ́ ta ni yóò yan án?

Obìnrin tó mọṣẹ́, tó jókòó ti agbada kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó ń fi igbá tẹ gàrí mọ́ irin gbígbóná, tó ń yí i kó má baà di kókó, tí èéfín sì ń fín in lójú, àpò kan ló lè yan, ká sọ pé ó lé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í yan tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àpò 32 sí 40 ń béèrè obìnrin 32 sí 40 àti agbada tó tó wọn, lábẹ́ òrùlé, pẹ̀lú igi ìdáná gbígbẹ lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Iye àwọn tó máa jókòó bẹ ẹ̀gẹ́ náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín sí iye wọn. Ẹ ò mẹ́nu kan ju òṣìṣẹ́ mẹ́rin lọ lójú ewé yín.

Ẹni tó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí rí yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ló ń pariwo jù, òun náà ló sì ń tètè parí iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti gbé ẹ̀rọ lọ, wákàtí kan tàbí méjì ni wọ́n fi ń lò ó lójúmọ́. Wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, wọ́n á rin gbogbo ohun tí wọ́n bẹ lánàá, wọ́n á pa á. Láti ìgbà yẹn di alẹ́, ìdí agbada ni iṣẹ́ kù sí. Ẹ̀rọ tó ń rin tọ́ọ̀nù kan ní wákàtí àti ẹ̀rọ tó ń rin ìdajì rẹ̀, iye àpò gàrí kan náà ni wọ́n máa jẹ́ fún ẹni tó ní agbada mẹ́fà: àpò mẹ́fà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òwò gàrí kan ṣe tóbi tó, kó lọ ka agbada.

Àwọn oníbàárà mi tó gbọ́ èyí máa ń sọ pé, ó dára, ẹ ṣe èyí tí ń fi mọ́tò yan fún wa. A máa ń ṣe é. Agbada gbọọrọ ni, abẹ̀bẹ̀ onírin ń yí nínú rẹ̀, gáàsì tàbí ẹ̀yin iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń yan ju obìnrin kan lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n iná tí ń yí abẹ̀bẹ̀ náà kò gbọdọ̀ já ní àárín iṣẹ́. Bó bá já, kó tó di pé ẹnikẹ́ni tan jẹnẹrétọ̀, ohun tó wà nínú agbada ti di sísè dípò yíyan, ó ti so mọ́ra, kò sí ajọ̀ tó lè gbà á là. Ẹni tó bá máa ra irú ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ jókòó ní àdúgbò tó fẹ́ gbé e sí, kó ní ìwé àti báírò, kó kọ wákàtí tí iná dé àti wákàtí tó lọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kí ó tún wo bóyá wáyà iná mẹ́ta (three-phase) ló wọ àdúgbò náà tàbí ẹyọ kan, nítorí mọ́tò ńlá kì í ṣiṣẹ́ lórí ẹyọ kan. Owó iná náà kì í ṣe ohun à ń fojú bù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn tí wọ́n pè ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, bọ́ láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225 lórí yúnìtì iná kan ṣoṣo. Ẹni tó ti ṣírò èrè rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, ìwé tó kọ ò wúlò mọ́.

Ẹ̀gẹ́ gan-an ńkọ́? Tọ́ọ̀nù mẹ́jọ lójúmọ́, tí a bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 25 lóṣù, tọ́ọ̀nù 200 nìyẹn. Lọ́dún, ó di 2,400. Oko àwọn àgbẹ̀ wa, tí a bá da èyí tó ṣe dáadáa pọ̀ mọ́ èyí tí koríko bò, ohun tó ń jáde lórí hẹ́kítà kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ju tọ́ọ̀nù mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn yóò wá jẹ ẹ̀gẹ́ hẹ́kítà 240 sí 300 lọ́dún kan, ìyẹn bíi éékà 600 sí 740. Ẹ̀gẹ́ sì ń lo bí ọdún kan nínú ilẹ̀ kó tó gbó dáadáa, nítorí náà oko tó tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà gbogbo, kí wọ́n máa gbìn ín díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ má baà gbó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn oníláfún ń ra ẹ̀gẹ́ yìí kan náà, àwọn onífùfú ń rà á, àwọn tó ń gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ sítáàṣì náà ń rà á. Nígbà tí mo bá bi oníbàárà pé níbo ni ẹ̀gẹ́ rẹ̀ yóò ti wá, ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Ṣé ẹ̀gẹ́ náà ló máa wọ́n? Gbogbo ibi ló wà." Ó wà níbi gbogbo lóòótọ́. Ìbéèrè mi ni pé mélòó lára rẹ̀ lè dé ẹnu ọ̀nà yín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ní oṣù Kejì, ní owó tí ẹ lè san?

Oṣù Kejì ni mo máa ń dárúkọ, mo sì nídìí. Láti ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti gun, ilẹ̀ á le, ẹ̀gẹ́ á máa ṣẹ́ sínú ilẹ̀, ẹni tí ń hú u á bu owó lé e. Ní ìgbà yẹn sì ni gàrí pọ̀ jù nínú ẹ̀gẹ́. Tí òjò bá dé, ilẹ̀ á rọ̀, húhú á rọrùn, ṣùgbọ́n igi ẹ̀gẹ́ á máa fi oúnjẹ tó tọ́jú sínú gbòǹgbò yọ ewé tuntun. Ẹ̀gẹ́ á di olómi. Ẹrù ọkọ̀ kan tó fún èèyàn ní àpò mẹ́wàá ní oṣù Kejì lè má fún un ní mẹ́jọ ní oṣù Karùn-ún, owó tó fi rà á kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn náà ṣe kókó. TME 419 tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti mọ̀, tí igi rẹ̀ ń lọ sókè tààrà, kì í fi bẹ́ẹ̀ kún fún omi. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kàn gbìn láìmọ orúkọ rẹ̀, àfi kéèyàn yan án kó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láti inú, kódà bí èèpo rẹ̀ ṣì ń dán. Tí ẹ bá dá a sí méjì, ẹ ó rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ aró tó yí inú rẹ̀ ká lábẹ́ èèpo. Gàrí irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í funfun, àwọn ìyá tó ń ra gàrí lọ́jà á sì mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bù ú sẹ́nu. Ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jò lójú ọ̀nà oko lálẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ tí kò wá nítorí ọjọ́ ọjà tàbí nítorí òkú sísin, ẹ́ńjìnnì tí kò tan, ẹ̀gẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ló máa ń jìyà gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń wádìí òwò yìí gbọ́dọ̀ béèrè pé bí ohun kan bá yẹ̀ lónìí, ọjọ́ mélòó ni mo ní kí gbogbo ẹrù yìí tó di ti ewúrẹ́?

Mo fẹ́ sọ ti tíṣà fẹ̀yìntì kan fún yín, láìdárúkọ rẹ̀ tàbí ìlú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ló ti ra ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n pè pé kí n wá tún un ṣe. Mo dé ibẹ̀, ilé náà wù mí. Wọ́n kọ́ ọ sí etí ọ̀nà ọlọ́dà, wọ́n kùn ún, wọ́n kọ orúkọ sára ògiri. Mo tú ẹ̀rọ. Bíárìn rẹ̀ ń yí bó ṣe yẹ. Bẹ́líìtì rẹ̀ kò tíì ṣí ní ojú kan. Mo na ọwọ́ sínú ìlù tí ń rin ẹ̀gẹ́, eyín rẹ̀ ṣì ń ta ọwọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ̀gẹ́ tó ti kọjá níbẹ̀ kò tó nǹkan. Mo sọ fún bàbá náà pé ẹ̀rọ yín ò ní àrùn kankan. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ẹ̀njiníà, kí ló wá dé tí a ò fi lè ṣe ju àpò méjì lọ?"

A jọ rìn yí ilé náà ká, a sì rí ohun tó dé. Kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí omi wà níbi gbogbo, ẹrẹ̀ ló ń fà ní oṣù Kejì. Ibi tí wọ́n ti ń ra ẹ̀gẹ́ jìnnà gan-an, ọ̀nà Ìṣẹ́yìn lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti ṣírò owó ọkọ̀ kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà bẹntiróòlù fò láti ohun tí kò tó náírà 200 sí nǹkan bíi 500. Abúlé tó sún mọ́ wọn jù ní ibi gàrí tirẹ̀, àwọn obìnrin ibẹ̀ kò rí ìdí tí wọ́n fi máa rìn wá sí etí títì wá bá àlejò ṣiṣẹ́. Agbada mẹ́ta ló wà ní gbogbo ilé ńlá yẹn. Kò sí èyí tí bàbá náà kò lè mọ̀ nínú gbogbo rẹ̀ kó tó ra bíríkì kan, ká ní ẹnì kan ti bi í ni. Gírátúítì ọdún gbọọrọ nídìí pátákó ìkọ̀wé ló wọ inú ilé náà, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìyá kan láti ọ̀nà Fìdítì wá bá mi ní tirẹ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ ilé-ìwé ló mú dání. Kó tó wá, ó ti ra ẹ̀gẹ́ ẹrù píkọ́ọ̀pù kan, ó gbé e lọ sí ibi tí àwọn kan ti ń ṣe gàrí, ó san owó iṣẹ́ fún wọn, ó sì dúró tì wọ́n. Ó wọn ẹ̀gẹ́ náà bó ṣe dé, ó wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n bẹ ẹ́ tán, ó wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n gbé e kúrò lábẹ́ jáàkì tí wọ́n fi ń fún omi rẹ̀, ó wá wọn gàrí fúnra rẹ̀. Ó kọ wákàtí tí ìpele kọ̀ọ̀kan gbà. Nígbà tí òjò dé, ó tún un ṣe, kó lè mọ bó ṣe máa rí. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé náà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹ̀rọ ńlá fún un, ó ní, "Ẹ ṣé, ọmọ mi, kékeré yẹn ni mo fẹ́. Agbada ni kí ẹ fi owó yòókù ṣe." Ó wá bi mí pé bí bíárìn bá jẹ, níbo lòun ti máa rí òmíràn rà láìjẹ́ pé òun wọkọ̀ wá sí Ìbàdàn? Mo yí ìwọ̀n bíárìn náà padà sí irú èyí tí àwọn tí ń tún ọ̀kadà ṣe ń tà ní ìlú wọn. Owó tí ìyá yìí ná sórí ìwádìí rẹ̀ kò tó owó òrùlé tíṣà yẹn, ó sì ta gàrí tó ti ibẹ̀ jáde.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa kọ́ àwọn èèyàn wa nìyẹn. Kò gba ọ̀mọ̀wé. Ó gba òṣùwọ̀n, aago àti ìwé, kéèyàn sì ṣe é ní kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ti ń ṣe é, kó tó kọ́ tirẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń kà yín pé kí wọ́n má san owó ẹ̀rọ tán kí wọ́n tó rí i tó rin ẹ̀gẹ́. Kì í ṣe kí a tan án kó máa ró lófìfo. Ẹ gbé àpò ẹ̀gẹ́ bíi mẹ́ta dání wá, ẹ da á sí i, ẹ wo aago, ẹ wo bóyá ó kúnná tàbí ó ń já sílẹ̀ ní kéékèèké. Ẹ béèrè irú irin tó wà níbi tí ẹ̀gẹ́ ti ń kan ẹ̀rọ. Omi ẹ̀gẹ́ ń kan, ó sì ń jẹ irin. Páànù tí a fi ìṣó lu dọ́pọ̀, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kì í pẹ́ kú, ìpẹtà rẹ̀ sì ń wọ inú oúnjẹ. Irin stainless wọ́n jù ú lọ gidigidi, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ di gàrí sínú ọ̀rá pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ kò lè sá fún un, nítorí NAFDAC yóò wá wo ibẹ̀. Wọn ò ní wo gàrí nìkan. Wọ́n á wo omi tí ẹ fi ń fọ ẹ̀gẹ́, ògiri, ilé ìyàgbẹ́, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pààrọ̀ aṣọ, àti bóyá eṣinṣin lè wọlé. Kí wọ́n tó kọ́ ilé ló yẹ kí wọ́n ti mọ èyí. Mo ti rí ẹni tó wó ògiri tuntun.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe gàrí Ìjẹ̀bú ní ìṣirò mìíràn láti ṣe. Gàrí yẹn gbọ́dọ̀ kan dáadáa, ó ń lo bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àpò kó tó dé agbada. Ìyẹn ni pé ẹrù ọjọ́ mẹ́ta ló máa wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àpò rẹ̀ àti ààyè rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, owó tí ẹ fi ra ẹ̀gẹ́ á sì pẹ́ kó tó padà wá. Adùn rẹ̀ ni ọjà ń san owó lé lórí. Ẹni tó bá ń kánjú gbé e kúrò ńlẹ̀ kó má pè é ní gàrí Ìjẹ̀bú.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Nínú tọ́ọ̀nù mẹ́jọ yín, èèpo nìkan lè tó tọ́ọ̀nù méjì lójúmọ́. Omi tó ń ṣàn jáde lábẹ́ jáàkì tún wà níbẹ̀, ó pọ̀, ó ń rùn, májèlé sáyánáídì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Koríko tó bá ṣàn lé á kú. Ewúrẹ́ tó bá mu ún lè kú. Ẹja odò tó bá ṣàn sí ò ní gbádùn. Ibi iṣẹ́ gàrí tí ó ń ṣe àpò mẹ́ta lójúmọ́, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lè gbé ìdọ̀tí rẹ̀ mì. Ti àpò 40, ó gbọ́dọ̀ ní kòtò tí wọ́n gbẹ́ dáadáa, tó jìnnà sí kànga, tó jìnnà sí ilé ẹlòmíràn. Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni ẹjọ́ omi ẹ̀gẹ́ sábà máa ń dé, ẹni tó wá dá òwò sílẹ̀ ló sì máa ń jẹ̀bi. Èèpo ní tirẹ̀ lè di owó. Àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn, àti ILRI, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn níbí ti ṣiṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe ń rin ín, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì ń sá a gbẹ di oúnjẹ ẹran. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ń béèrè ààyè, oòrùn àti ọwọ́, kéèyàn má kàn kọ ọ́ sínú èrè bí ẹni pé ó ti gbẹ fúnra rẹ̀.

Àwọn olówó náà ti kàgbákò ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 2002 tí ìjọba Ọbásanjọ́ ti gbé ètò ẹ̀gẹ́ kalẹ̀, tí wọ́n sì wá ní kí àwọn tó ń lọ ìyẹ̀fun máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lúbúlúbú ẹ̀gẹ́ sí i, títí di ìgbà Jonathan tí Akínwùmí Adésínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn tí gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ búrẹ́dì ẹ̀gẹ́, àwọn èèyàn ra ẹ̀rọ ńláńlá. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n máa fi ṣe irú lúbúlúbú bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kan rárá, láti oko dé inú ẹ̀rọ tí ń gbẹ ẹ́ kò yẹ kó kọjá ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyẹn mu dísù títí, wọn ò sì rí ẹ̀gẹ́ tó tó wọn jẹ ní owó tó bá wọn lára mu. Ní àwọn ọdún mìíràn, àgbẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́, kò rí ẹni rà á. Ẹ̀rọ wà, owó wà, ètò ìjọba wà. Ìṣirò láti oko dé ẹnu ẹ̀rọ ni kò sí.

Ibi tí èèyàn ti lè béèrè kò jìnnà. IITA tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967 kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mi. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́, wà ní Òṣòdì, FUNAAB, yunifásítì ọ̀gbìn, wà ní Abẹ́òkúta. Wọ́n mọ irú ẹ̀gẹ́, wọ́n mọ irú ẹ̀rọ. Àwọn ìyá tó ti ń yan gàrí láti kékeré ní Ìlọrà àti Fìdítì mọ èyí tó kù, kò sì sí akọ̀ròyìn tó ń lọ bi wọ́n.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ tún òwò gàrí yẹn gbé jáde, ní ojú ewé kan náà, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ fò síbẹ̀: iye àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ àti iye àwọn tó ń yan án, ibi tí ẹ̀gẹ́ oṣù Kejì ti ń wá, omi tí wọ́n ń lò, ibi tí ìdọ̀tí ń lọ. Tí ẹ bá máa rán akọ̀ròyìn wá, mo ṣe tán láti mú un dé ibi iṣẹ́ tí ẹ̀rọ wa wà. Kó wá lọ́jọ́ tí ẹ̀gẹ́ bá ń bọ̀ láti oko, kó dé kí wọ́n tó já a sílẹ̀, kó mú òṣùwọ̀n dání, kó má sì lọ títí wọ́n á fi yan èyí tó gbẹ̀yìn. Ó lè gbà ju ọjọ́ kan lọ, kó múra sílẹ̀ láti sùn mọ́jú.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.